Dàwódù Oníwọ̀n àti Tírélà Àna Rẹ̀

Ìjà ni Nọ́ọ̀sì Peace fi mọ Dàwódù. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́ o, ìjà ìwọ̀n ni. Wọ́n ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ kan ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Agége, bàbá àgbàlagbà kan sì gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé, ọmọbìnrin oṣù mẹ́ta tí ń jẹ́ Hàmdálàt. Wọ́n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, Peace kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ni bàbá bá ní irọ́ ni. Ó ní òun gbé ọmọ náà láti ilé dé ibẹ̀, òun mọ ohun tó wà lápá òun, ìwọ̀n yìí ti fi ìlàjì kílò rẹ́ ọmọ òun jẹ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí wọ́n bá bàbá wá àga, pé oòrùn ló ń mú wọn.

Peace kì í fẹ́ ariwo níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé Aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ ọ, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé bí àgbàlagbà bá tẹnu mọ́ nǹkan, ó yẹ kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n lọ ra ṣúgà oníkílò kan wá ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Wọ́n gbé ṣúgà sórí ìwọ̀n, tòun ti ọ̀rá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì já. Ìwọ̀n ní ìlàjì kílò ni. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ra ìwọ̀n tuntun sí ilé ìwòsàn yẹn, Dàwódù ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí kó wá dán an wò, òun náà á sì dé fìlà rẹ̀ tó dáa jù lọ wá bí ẹni ń lọ sí ìsọmọlórúkọ.

Ẹni tó bá mọ ibi tí Dàwódù ti ń bọ̀ kò ní bá a jiyàn nípa ìwọ̀n. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Agége nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ ní Ìkẹjà ló gbà á pé kó máa ṣí géètì fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn ni ìwọ̀n ńlá wà, èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ ń gùn tẹrùtẹrù. Nínú ahéré kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pá ìwọ̀n wà, ọ̀pá irin gbọọrọ tí wọ́n fín nọ́ńbà sí lára. Èèyàn á máa ti ọmọ ìwọ̀n lọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu ọ̀pá yóò fi léfòó, tí kò ní lọ sókè, tí kò ní wá sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé ọ̀pá náà lé lọ́wọ́ fẹ́ràn oorun. Kí ọdún kan tó pé, ẹni tó ń ṣí géètì ti mọ ọ̀pá náà kà jù ú lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Dàwódù fi kà á.

Àwọn awakọ̀ bẹ̀rù rẹ̀. Awakọ̀ lè parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko kí àṣírí má tú, ṣùgbọ́n kò lè parọ́ fún Dàwódù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n á fi èèyàn pamọ́ sábẹ́ ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń wọn ọkọ̀ òfìfo, kí ìwọ̀n òfìfo lè pọ̀, kí ẹrù tí wọ́n bá jí lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Dàwódù á yọ orí jáde ní fèrèsé ahéré, á ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó dùbúlẹ̀ yẹn kó sọ̀kalẹ̀ o. Àádọ́rin kílò ni, kò sì tíì jẹun." Wọ́n fi ẹ̀bùn lọ̀ ọ́ títí ó fi sú wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé kéwú ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí: Ọlọ́run kò fẹ́ràn ẹni tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ṣe àmín, wọ́n sì gbàgbé. Ti Dàwódù ṣẹ́kù sí i lára.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n ta gbogbo ẹ̀rọ. Alhaja Mùínàt, tó ń ra àkúfọ́ irin ní Agége, ló ra ìwọ̀n ńlá náà láti gé e tà. Dàwódù tẹ̀lé ọkọ̀ tó gbé e dé ọgbà Alhaja. Ó ní, "Alhaja, tí ẹ bá gé e, irin lẹ rí. Tí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, ìwọ̀n lẹ rí, ẹ sì rí èmi náà pẹ̀lú." Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rì í mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Dàwódù wà títí dòní, nínú ahéré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti àtijọ́, òun nìkan ló sì mọ ọ̀pá náà kà ní gbogbo ọgbà.

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, Hassanat, ìyá Hàmdálàt. Ṣàkírù ni ọkọ Hassanat, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni, Àgídìngbì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọmọlúàbí ni Ṣàkírù, ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, á gbé mọ́ínmọ́ín tí Hassanat sè, á gbé ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, tọkọtaya á wá kí Dàwódù. Ṣàkírù á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, Dàwódù á gbé Hàmdálàt sókè ní apá méjèèjì, á pa ojú dé, á pe ìwọ̀n rẹ̀. Wákàtí méjì péré ni wọ́n ń lò. Ní wákàtí méjì yẹn nìkan ni ilé Dàwódù máa ń ní ohùn èèyàn nínú láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àlàmísì ló ti ń gbá àgbàlá.

Ní ọdún yìí ni Peace wá bá a ní ọgbà Alhaja. Ó jókòó sórí àga ike lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Peace àti àwọn nọ́ọ̀sì bíi mélòó kan máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé tó wà níkọjá ibi tí títì ọlọ́dà parí sí. Ní òjò èṣí, ẹrẹ̀ mú jíìpù wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Yìnyín tó ń mú oògùn tutù yọ́, gbogbo abẹ́rẹ́ bàjẹ́. Ogójì ọmọ ló ń dúró dè wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò, ogójì ọmọ ló padà sílé láìgba nǹkankan. Kí òjò tó dá, èéyi ti mú ọ̀kan lọ nínú wọn. Peace mọ orúkọ ọmọ náà, ó sì dárúkọ rẹ̀. Dàwódù bọ́ fìlà.

Ní báyìí, Peace ní, àwọn aláàánú kan ti fún wọn ní ọkọ̀ igbó kan, kékeré, táyà rẹ̀ tóbi, kò ní fèrèsé, ẹrẹ̀ kì í mú un. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kò ṣeé wà lórí títì, ó lọ́ra, kò sì ní ìwé. Wọ́n ní láti gbé e lórí tírélà títí dé ibi tí ọ̀dà parí sí, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe irú tírélà tó ń gbé kọ̀ǹténà o, tó ń dá àwọn ará Èkó lóró. Pẹpẹ irin lásán ni, onítáyà, tí kò ní ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń fi ìkọ́ so mọ́ ìdí jíìpù.

"Bàbá, gbogbo ẹni tí mo bá bi léèrè, tiẹ̀ ló ní ó dáa jù," Peace ní. "Èmi ò mọ tírélà yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ ológì. Ẹ bá mi yan ọ̀kan. Ọjọ́rú tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ la máa lọ."

"Ẹ má yan tírélà o, Nọ́ọ̀sì," Dàwódù dáhùn. "Ẹ yan ẹrù ná. Ẹrù là á wò ká tó ká òṣùká."

Ó ní kó gbé ọkọ̀ igbó náà wá pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa wà nínú rẹ̀: páálí oògùn, ìkòkò yìnyín, kẹ́ẹ̀gì epo, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kílò. Ó ní kí Peace ka ìwé tó bá jíìpù wá láti ilẹ̀ òkèèrè fún òun. Ìwé ní jíìpù náà kò gbọ́dọ̀ fa ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ kílò lọ. Dàwódù fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò rẹ̀ sára ògiri ahéré: bí a bá yọ ẹrù kúrò, ó ku ẹgbẹ̀rin. Tírélà yòówù tí wọ́n bá rà, kò gbọ́dọ̀ ju ẹgbẹ̀rin kílò lọ lófìfo. Bí ó bá kéré sí i gan-an, kí Ọlọ́run ṣe é ní àlùbáríkà.

Abúlé Ẹ̀gbá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ta tírélà tòkunbọ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń dán gbinrin, ó fúyẹ́, ojú Peace ò sì kúrò lára rẹ̀. Dàwódù kò wo ọ̀dà. Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ jíìpù, kí wọ́n wa ọkọ̀ igbó gùn ún. Bí ọkọ̀ ti gùn ún, ìdí tírélà fì sílẹ̀, ó sì gbé ìdí jíìpù sókè díẹ̀. Pẹpẹ náà kúrú ju ọkọ̀ igbó lọ, gbogbo ẹrù wà lẹ́yìn táyà.

"Wọ́n lè tì í síwájú sí i, Bàbá," oníṣòwò ní.

"Síwájú ibo? Ó ti fẹnu ko jíìpù." Dàwódù yíjú sí Peace. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti ru omi rí? Bí ẹrù bá wúwo sẹ́yìn orí, ọrùn ló máa sọ. Bí ẹ bá sáré lórí títì, èyí á máa jù bí ìrù ajá, á sì ju ẹ̀yin náà sínú kòtò." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò, wọ́n padà sílé. Inú ọkùnrin náà kò dùn.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Ṣàkírù. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń jó tírélà kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló fi ń jẹun láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti ń sú u. Ó fẹ́ di ẹni tí wọ́n ń pè ní oní-tírélà. Bí tírélà yìí bá tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì jáde, tó gba Ìkẹjà kọjá, tí gbogbo èèyàn rí i, ọ̀nà ti là fún un. Hassanat pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ṣàkírù ò sùn mọ́ tìtorí nǹkan yìí."

Ní Àlàmísì, wọ́n fa tírélà náà wọ ọgbà Alhaja. Ó ga lọ́lá. Táyà mẹ́rin, irin nípọn lórí irin, igun kọ̀ọ̀kan ní irin méjì tó gbá ara wọn mú, etí rẹ̀ ní ọgbà irin yíká bí ilé báńkì. Ṣàkírù fò sórí rẹ̀, ó fi bàtà jó lórí rẹ̀ gbì, gbì, gbì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó! This one, erin lè sùn lé e! Kò lè ṣẹ́ láéláé!" Àwọn agérin pàtẹ́wọ́. Peace náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lára, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Hassanat dúró lẹ́bàá ahéré, ó pọn Hàmdálàt, ó sì ń wo bàbá rẹ̀.

Ojú Dàwódù ti rí ohun tó fẹ́ rí kí tírélà tó gun ìwọ̀n. Ẹni tó ń ṣe géètì ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó bá oní-géètì wí rí pé irin rẹ̀ pọ̀ jù. Bí irin bá ti pọ̀ tó ni onílé ṣe ń sùn tó, nítorí olè ni géètì ń dúró dè. Ṣàkírù ti fi ọkàn kan náà jó tírélà. Ibikíbi tí ẹ̀rù bá ti bà á, irin ló fi kún un.

Dàwódù wọ ahéré. Ó ti ọmọ ìwọ̀n dé ẹgbẹ̀ta, ọ̀pá kò mira. Ó tì í dé ẹgbẹ̀rin, ibi tí ó yẹ kó dúró sí, ọ̀pá kò mira. Ẹgbẹ̀rún kílò gééré ni ẹnu ọ̀pá tó léfòó.

Òun nìkan ló rí i. Bí ó bá yọ orí jáde tó ní ẹgbẹ̀rin ó dín ogún, ta ló máa já a nírọ́? Peace á sanwó, Ṣàkírù á di oní-tírélà, Hassanat á máa jó wálé. Àwọn Yorùbá sì ti fún un ní àwáwí tẹ́lẹ̀: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó rántí òwe yìí dáadáa nínú ahéré yẹn. Ó tún rántí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì máa gbà. Ó rántí ọmọ tí Peace dárúkọ rẹ̀.

Ó yọ orí jáde. "Ẹgbẹ̀rún kílò," ó ní. "Kò ṣeé lò. Nọ́ọ̀sì, ẹ má rà á. Tí ẹ bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tírélà yìí ló máa máa ti jíìpù yín, bíréèkì ò sì ní lè mú un."

Ṣàkírù sọ̀kalẹ̀ lórí tírélà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìtìjú mú un débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. "Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin náà? Níwájú gbogbo ayé?" Ó so tírélà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó lọ. Kò dọ̀bálẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Hassanat dúró díẹ̀. "Ó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́, Bàbá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò lè pè é sí kọ̀rọ̀ ni?" Òun náà bá ọkọ rẹ̀ lọ.

Ní Jímọ̀, Dàwódù ti ìrun dé, ó jókòó sí àgbàlá tó ti gbá. Kò sẹ́ni tó wá. Ó tó agogo mẹ́rin kó tó gbà pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó bu búrẹ́dì jẹ, kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkùnrin náà sunkún. Kò sunkún nítorí nọ́ńbà tó pè. Bí wọ́n bá tún gbé tírélà yẹn dé lọ́la, nọ́ńbà yẹn náà ni yóò pè. Ọ̀rọ̀ Hassanat ló ń gún un. Ẹyin lohùn, òun sì ti jù ú mọ́ sìmẹ́ńtì níwájú àwọn agérin. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín ahéré àti ibi tí Ṣàkírù dúró sí. Kò rìn ín.

Ní ilẹ̀ wa, àna kékeré ló ń wá bẹ àna àgbà. Bàbá ìyàwó kì í dé fìlà lọ bẹ ọkọ ọmọ rẹ̀; bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á ní ó ti tẹ́. Dàwódù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó dé fìlà rẹ̀ tó dáa jù lọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì sápò, ó lọ sí Àgídìngbì.

Ṣàkírù wà lórí ìjókòó, tírélà rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò ṣe nǹkankan sí i. Àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì. Dàwódù dúró sí àárín wọn, níbi tí gbogbo wọn ti lè gbọ́.

"Ṣàkírù," ó ní, "níwájú èèyàn ni mo ti ṣẹ̀ ọ́, níwájú èèyàn ni mo ti wá bẹ̀ ọ́. Ẹnu mi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. N kò wá bẹ̀bẹ̀ fún ìwọ̀n."

Kó tó sọ ọ́ tán, Ṣàkírù ti wà nílẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ irin. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi! Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Kí ni mo jẹ́?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ṣe bí ẹni pé èéfín ló kó sí i lójú.

Nígbà tó dìde, Dàwódù na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Ìwọ lo mọ irin. Èmi ò mọ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Irin wo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irin wo ló kàn ń bẹ̀rù?"

Ṣàkírù gba ṣọ́ọ̀kì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí irin kan, ó tún fa sí òmíràn. Kò yan ohun tó bá rí yàn o. Ó lọ sábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ lù ú, ó ronú ibi tí táyà ọkọ̀ igbó máa tẹ̀, ibi tí ìkọ́ máa fà, ó sì fi àwọn yẹn sílẹ̀. Ọgbà irin tó yí etí ká gba ilà. Irin kejì ní igun kọ̀ọ̀kan gba ilà. Pélébé irin tó tẹ́ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ gba ilà, ojú ibi tí táyà ń gbà nìkan ló fi sílẹ̀. Wàyí o, gbogbo ohun tó ń fi yangàn fún oṣù mẹ́rin ló ti fi funfun là. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé e. Ó gbé ẹ̀rọ ìgérin, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gé e tó sì fi tún gbogbo ojú rẹ̀ jó. Mo ti rí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè ṣe ohun ńlá, àwọn tó lè fi ọwọ́ ara wọn dín in kù kò pọ̀.

Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun, tírélà tún gun ìwọ̀n. Ó ti rù, ó ti gùn lójú, ó dà bí ẹni tó bọ́ agbádá tó ku ṣòkòtò iṣẹ́. Peace wà níbẹ̀, Hassanat wà níbẹ̀, àwọn agérin ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dàwódù kò wọ ahéré. Ó pe Ṣàkírù. "Wá. Ìwọ ni kó o kà á."

"Bàbá, èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n kà."

"N máa kọ́ ọ."

Ó fi ọwọ́ Ṣàkírù lé ọmọ ìwọ̀n. Ó ní kó má ṣe sáré, kó jẹ́ kí ọ̀pá sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Ìkẹjà àti gbogbo ọdún tó ti lò ní Agége, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Dàwódù máa jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ọ̀pá náà. Ṣàkírù tì í, ó tì í, òógùn ń rọ̀ lójú rẹ̀. Ẹnu ọ̀pá léfòó, ó dúró. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó yọ orí jáde ní fèrèsé, ohùn rẹ̀ sì ké: "Ẹgbẹ̀ta! Ẹgbẹ̀ta kílò, Nọ́ọ̀sì!"

Wọ́n wa ọkọ̀ igbó gùn ún. Pẹpẹ gbà á tán, iwájú rẹ̀ tẹ ìkọ́ díẹ̀ bó ṣe yẹ, jíìpù kò gbé ìdí, tírélà kò fì. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje kílò, ó fi igba dín sí ohun tí ìwé jíìpù wí. Ní Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú, wọ́n lọ.

Ní Jímọ̀, Dàwódù kò tíì bọ́ bàtà tó wọ̀ lọ sí ìrun tán tó fi gbọ́ ìró ọkọ̀. Mọ́ínmọ́ín dé, Hassanat dé, Ṣàkírù dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì bó ti máa ń ṣe, ó sì pẹ́ nílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dàwódù gbé Hàmdálàt sókè, ó pa ojú dé, ó pe ìwọ̀n rẹ̀, ó ní ó ti fi díẹ̀ lé e láti ìgbà tí òun gbé e kẹ́yìn. Ni fóònù Hassanat bá dún. Peace ló fi àwòrán ránṣẹ́. Tírélà wà lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí ọ̀dà ti parí, ó ṣófo, nítorí ọkọ̀ igbó ti wọlé lọ. Àwọn ọmọdé tó ti gba abẹ́rẹ́ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n di apá mú, àwọn mìíràn ṣì ń sunkún. Peace kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ mẹ́tàlélógójì ni, kò sẹ́ni tó padà sílé lásán.

"Bàbá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀," Ṣàkírù ní, ó rọra sọ ọ́.

Dàwódù gbé fóònù sún mọ́ ojú. Níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti máa ń kọ àdúrà tàbí ọ̀rọ̀ ìyangàn, Ṣàkírù ti fi ọ̀dà funfun kọ lẹ́tà gàdàgbà: ẸGBẸ̀TA KÍLÒ. DÀWÓDÙ LÓ KỌ́ MI NÍ ÌWỌ̀N.

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó fi etí agbádá nu ojú, ó da fóònù padà fún ọmọ rẹ̀, ó gbé Hàmdálàt sí èjìká.

"Ṣàkírù," ó ní, "ìgbà tá a wọ̀n ọ́n tán lo kọ nǹkan yìí, àbí kó tó dìgbà yẹn?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀dà tó o fi kọ ọ́ ńkọ́? Ó ti ju ẹgbẹ̀ta kílò lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá dé, mú un wá ká tún un wọ̀n."